Ẹ̀kọ́ Ilé Kí Kọ́kọ́rọ́ Tó Dọ́wọ́

Kò sí ayálégbé tó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá onílé yẹn láìkọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá wá gba yàrá yóò tẹ̀ lé e láti ẹnu ọ̀nà iwájú dé ẹ̀yìnkùlé. Yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa omi gbogbo ilé, yóò sì ṣí i padà. Yóò rí súwìsì tó ń pa iná, yóò rí ihò tí omi ìdọ̀tí ń gbà jáde. Ìyá náà máa ń mú igi ìgbálẹ̀ kan dání, òun ló fi ń tọ́ka sí nǹkan. Gbólóhùn rẹ̀ kì í gùn. Ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń sọ ohun tó bá fẹ́ sọ, nítorí ó gbà pé ọ̀rọ̀ tí a bá tún sọ, ìdajì rẹ̀ ti ṣòfò.

"Omi tó ń kán tó-tó-tó, owó ẹnì kan ló ń kán. Bí o bá gbọ́ ọ, wá pè mí. Má dúró di ọ̀la."

"Aṣọ tútù kì í sùn nínú ilé mi. Okùn wà níta, oòrùn ò sì gbowó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Bí o bá fẹ́ gbé ìkòkò kaná, pa fèrèsé dé. Atẹ́gùn máa ń jí ooru lórí sítóòfù, kì í sì í bá èèyàn ra epo."

Ìdí ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, ayálégbé kan ṣí omi sílẹ̀, ó jáde lọ, àjà yàrá ìsàlẹ̀ sì já wálẹ̀. Ọkọ rẹ̀ pariwo títí ohùn fi há a. Ayálégbé náà kàn ń wí pé òun ò mọ̀ pé omi lè dé nígbà tí òun ò sí nílé. Ìyá náà jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ wọn, ó sì ń rò ó pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkùnrin yìí gba kọ́kọ́rọ́ ni ì bá ti pa gbogbo ariwo náà rẹ́. Ẹni tí a kò kọ́, a ò lẹ́nu àtibá a wí. Ọjọ́ tí ilé di tirẹ̀, ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn ayálégbé ń pè é ní Tíṣà. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gba ẹ̀kọ́ rí nínú wọn, awakọ̀ ẹrù tó ń gbé lókè, tó ti wà nínú ilé náà láti ayé ọkọ rẹ̀. Nígbàkígbà tí ìyá náà bá gbé igi ìgbálẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọkùnrin yìí, èsì kan náà ló ń gbọ́: "Mama, ẹ jẹ́ n sinmi." Bó ṣe di Jẹ́-n-sinmi nìyẹn. Fèrèsé rẹ̀ kì í dé tọ̀sán-tòru. Bó bá ń dáná, ó ṣí. Bó bá rìnrìn àjò, ó ṣí. Aṣọ fèrèsé rẹ̀ máa ń fò síta bí ẹni tó fẹ́ sá kúrò nílé. Ìyá onílé kò lè wo òkè kó má mí kanlẹ̀.

Obìnrin alágbàfọ̀ kan dé nígbà tí àkókò òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Yàrá ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ló gbà, yàrá ńlá tó ní fèrèsé méjì, tó sì ní ihò atẹ́gùn lókè lẹ́bàá àjà. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ti ń bọ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n náà a máa fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára garawa kó lè mọ omi tí alágbàfọ̀ lò, a sì máa gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ pamọ́ bí àlejò bá fẹ́ wá. Alágbàfọ̀ ti ṣe tán láti fọ aṣọ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò tún fẹ́ fọ ọ́ nílé ẹnikẹ́ni tó ń fi ṣọ́ọ̀kì wọn omi.

Ó já ẹrù rẹ̀ sílẹ̀: àwọn bàsíà, áyọ́ọ̀nù, tábìlì gígùn kan, àti ìkòkò kan tó tóbi débi pé Jẹ́-n-sinmi yọrí lójú fèrèsé.

"Àǹtí, ṣé ọmọ ogun lẹ fẹ́ máa bọ́ níbí ni?"

"Èèyàn kọ́ ni mò ń sè fún," alágbàfọ̀ dá a lóhùn. "Aṣọ funfun ni mò ń sè. Bó o bá ní èyí tó ti funfun rí, jù ú sílẹ̀, bóyá a lè bá a rántí àwọ̀ rẹ̀."

Jẹ́-n-sinmi rẹ́rìn-ín, ó fa orí wọlé. Inú ìyá onílé dùn sí obìnrin tí ahọ́n rẹ̀ mú tó yẹn. Kò béèrè bí wọ́n ṣe ń lo ìkòkò náà. Ó rí i pé ó mọ́ tónítóní, ìyẹn sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹnu alágbàfọ̀ ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Gbogbo gbólóhùn tí ìyá náà bá sọ ló ń gbé mì bí ẹni ń kọ́ àdúrà sórí. Kò béèrè ìbéèrè kankan. Ìyá onílé sọ fún àbúrò rẹ̀ bíríkìlà lálẹ́ ọjọ́ náà pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ayálégbé gidi. Kódà, ó ní kí bíríkìlà gbé páànù lé orí òpó mẹ́rin ní ẹ̀yìnkùlé, kí aṣọ obìnrin náà lè rí ibi gbẹ sí bí òjò bá ń rọ̀. Ó ti rí i pé iṣẹ́ ló gbé e wá, ẹni tó bá sì ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ẹni, ó yẹ kí ilé ràn án lọ́wọ́.

Òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà ní ìparí òpópónà wọn. Aṣọ ibùsùn òtẹ́ẹ̀lì náà ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ alágbàfọ̀, òun ló jẹ́ kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ dá gba yàrá. Kò pẹ́ tí gbogbo ilé fi mọ ìró iṣẹ́ rẹ̀. Láàárọ̀, ìkòkò á máa hó. Lọ́sàn-án, áyọ́ọ̀nù á máa dún ṣìì lórí aṣọ tí wọ́n wọ́n omi sí. Lálẹ́, aṣọ tó ti di pẹlẹbẹ á wà ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọn a dúró de òwúrọ̀.

Ògiri yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àmì dúdú kéékèèké yọ sí i lára, bí ẹni fi ìka tó ní èédú tẹ̀ ẹ́ káàkiri. Alágbàfọ̀ fi aṣọ nù ún. Ó tún yọ. Ó lọ pe ìyá onílé lọ́jọ́ náà gan-an, kò dúró di ọ̀la, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Bíríkìlà dé pẹ̀lú ọ̀bẹ àti ọ̀dà. Ó ha ògiri, ó kùn ún, ó sì lọ. Ọ̀dà náà kò tíì gbàgbé òórùn rẹ̀ tí dúdú fi tún yọ lábẹ́ rẹ̀. Bíríkìlà gun orí òrùlé, kò rí ibi tó ń jò. Ó wo ẹ̀yìn ògiri, kò sí páìpù tó gba ibẹ̀ kọjá. Ó tún gbé bọ́rọ́ọ̀ṣì.

"Gbé e sílẹ̀," ìyá onílé ní. "A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀dà lò ń kùn, o ò tíì mọ ibi tí omi ti ń wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ìyẹn ṣòro láti mọ̀ ni? Ẹni tó fi omi ṣe iṣẹ́ ṣe lẹ gbé sínú yàrá. Ẹ ní kó kó jáde, ògiri á gbẹ fúnra rẹ̀."

"Bí mo bá lé e, tí ẹlòmíràn dé, tí ògiri tún bu ńkọ́?"

"Ẹ lé òun náà."

"Títí á fi ku èmi àti ògiri nìkan nínú ilé."

Bíríkìlà mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó ń kùn lábẹ́ ètè bó ṣe ń lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dúró sára ògiri. Ní ọjọ́ Ajé, obìnrin tó ń mójú tó yàrá òtẹ́ẹ̀lì rìn wọ inú agbo ilé, ọkùnrin kan sì ru ẹrù tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà já ẹrù lé tábìlì alágbàfọ̀. Aṣọ funfun báláú ni, ìlà áyọ́ọ̀nù ṣì mú lára wọn.

"Gbóòórùn rẹ̀ fúnra rẹ, ìyá," obìnrin náà ní.

Alágbàfọ̀ gbé ọ̀kan sí imú. Ó tún gbé òmíràn sí i.

"Àlejò wa kan ní ṣe ló dà bí ẹni pé òun sùn sínú àpótí ìyá òun àgbà," obìnrin náà ní. "Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní bóyá òjò ni. Ẹlẹ́ẹ̀kejì tí àlejò máa ṣàròyé rèé. Ọ̀gá mi ti ní kí n wá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ̀, èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ fún ọ, torí kò sẹ́ni tó ń lọ aṣọ bíi tìẹ. Tún èyí fọ̀, kí o gbé e wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bó bá tún rùn, má bínú sí mi o."

"Mi ò ní bínú, mà."

"Bó o bá bínú gan-an, mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó sùn lórí ẹ̀, kò mọ̀ ẹ́."

Nígbà tí ó lọ, alágbàfọ̀ jókòó sórí bàsíà tó dojú dé. Bí òtẹ́ẹ̀lì bá lọ, yàrá lọ nìyẹn. Bí yàrá bá lọ, garawa tó ní àmì ṣọ́ọ̀kì ló kù. Ìyá onílé bá a níbẹ̀. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí kò sí ohun tí kì í gbọ́ nínú ilé yẹn.

"Ṣé ò ń sá aṣọ sínú yàrá ni?"

"Rárá, mà."

"Lóru ńkọ́? Bí òjò bá pọ̀?"

"Mà, abẹ́ páànù ni gbogbo ẹ̀ ń gbẹ sí. Ó ń gbẹ dáadáa kí n tó kó o wọlé. Ẹ bi ẹni tó ń gbé lókè."

Jẹ́-n-sinmi ti yọrí tẹ́lẹ̀. "Mama, òótọ́ ló ń sọ o. Gbogbo àárọ̀ ni mò ń kọjá lábẹ́ aṣọ yẹn, aṣọ ìrọ̀rí ti gbá mi lójú tó."

"Ta ló bi ọ́?"

"Òun ló ní kí ẹ bi mí!"

"Ó dáa, mo ti gbọ́. Wọlé."

Ìyá onílé yí sí alágbàfọ̀. Ohùn rẹ̀ le. "Omi kì í ṣẹ̀dá ara rẹ̀. Nǹkan kan wà tí o ń ṣe tí o ò sọ fún mi."

Alágbàfọ̀ gbójú sókè. Omijé kò sí lójú rẹ̀, ìbínú ló wà níbẹ̀. "Mà, kò sí ohun tí ẹ kọ́ mi tí mi ò ṣe. Kò sí ẹyọ kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí n lọ, ẹ sọ pé kí n lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé mi ò gbọ́rọ̀."

Ìyá onílé wò ó lójú. Ó ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú ilé yẹn, àwọn tó sì ń purọ́ nínú wọn máa ń ṣàlàyé púpọ̀. Èyí kò ṣàlàyé.

"Ìgbà wo lo máa tún aṣọ yìí sè?"

"Lọ́la, láàárọ̀."

"Màá wá jókòó tì ọ́. Má ṣe nǹkan kan nítorí pé mo wà níbẹ̀. Ṣe bí o ṣe máa ń ṣe."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá, ó jókòó sí ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà. Ó fi igi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ nílé, nítorí kì í ṣe ọjọ́ tí òun máa kọ́ ẹnikẹ́ni. Alágbàfọ̀ kí i. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó pọn omi kún ìkòkò ńlá. Ó gé ọṣẹ sí i. Kí ó tó ṣáná sí sítóòfù, ó rìn lọ sí fèrèsé àkọ́kọ́, ó pa á dé. Ó rìn lọ sí èkejì, ó pa á dé. Ó gun orí tábìlì, ó mú àkísà tó ti ká sí òkìtì kékeré, ó fi dí ihò atẹ́gùn lókè. Nígbà náà ló sọ̀kalẹ̀ wá ṣáná. Iná náà dúró ṣinṣin, kò mì.

Ìyá onílé wò ó. Nínú ọkàn rẹ̀, ó kọ́kọ́ yìn ín. Iná tó dúró dáadáa báyìí kì í jẹ epo.

Ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Alágbàfọ̀ ń fi igi ro aṣọ inú rẹ̀, ó ń gbé ọmọrí sókè, ó ń gbé e padà. Ooru funfun ń rú gidigidi, ó ń gòkè, ó ń wá ibi tí yóò gbà jáde, kò rí. Kò pẹ́ tí ìyá onílé fi ní láti fi etí gèlè nu iwájú orí. Ó rò pé tó bá ṣe díẹ̀, ìkòkò yóò sọ̀kalẹ̀, bí ìkòkò ọbẹ̀ gbogbo ayálégbé ṣe máa ń sọ̀kalẹ̀. Ìkòkò yìí kò sọ̀kalẹ̀. Èyí kúrò, òmíràn wọ inú rẹ̀. Kí èyí tó kẹ́yìn tó hó tán, alágbàfọ̀ ti gbé áyọ́ọ̀nù, kò sì ṣí nǹkan kan, nítorí aṣọ tó ti gbẹ láti àná wà nílẹ̀ tó ń dúró. Ó wọ́n omi sí i, ó tẹ̀ ẹ́. Ṣìì. Ooru tún gòkè.

Alágbàfọ̀ gbé ọmọrí ìkòkò, ó fi ti ògiri láti lè mú ọṣẹ. Ìyá onílé ń wo ọmọrí náà. Omi ń ṣàn ní inú rẹ̀, ó ń kó ara jọ ní etí, ó ń kán sílẹ̀. Lẹ́yìn ọmọrí, ara ògiri ń dán. Ìyá náà dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ibẹ̀. Ó tutù. Ó gbé ọwọ́ kúrò, omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ọmọrí àti omi ògiri, omi kan náà ni.

Lẹ́yìn ògiri yẹn ni òjò máa ń nà, oòrùn kì í dé ibẹ̀. Ògiri tó tutù jù lọ nínú ilé ni. Gbogbo ooru inú yàrá, ara rẹ̀ ló ń lọ sinmi sí, tí ó sì ń di omi. Àwọn aṣọ funfun tó ti gbẹ, tí wọ́n ti lọ̀, wọ́n wà ní ìsàlẹ̀ ògiri kan náà, wọ́n ń fi imú fa ọ̀rinrin rẹ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀.

"Kí ló dé tí o fi ti fèrèsé?" ó béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ èsì.

Alágbàfọ̀ dáwọ́ áyọ́ọ̀nù dúró. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa tì í, mà. Ẹ ní atẹ́gùn ń jí ooru."

"Ihò òkè ńkọ́? Mi ò sọ ti ihò."

"Iná ṣì ń mì nígbà tí mo ti fèrèsé. Mo wá a títí mo fi rí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Mo ní ẹ gbàgbé ìyẹn ni."

Ìyá onílé fẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò jáde. Jẹ́-n-sinmi kò gbọ́ ẹ̀kọ́ rí, ògiri rẹ̀ sì gbẹ bí eegun. Obìnrin yìí gbọ́ ẹ̀kọ́ ju bí wọ́n ṣe kọ́ ọ lọ, ó sì fẹ́ pàdánù oúnjẹ ẹnu rẹ̀ nítorí rẹ̀. Ó ti máa ń sọ pé ẹni tí a kò kọ́, a ò lẹ́nu àtibá a wí. Ẹni tí a kọ́ ní ohun tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu ńkọ́, ta la ó bá wí?

Ó rìn lọ sí fèrèsé, ó ṣí i gbayawu. Ó ṣí èkejì. Ó gun orí tábìlì fúnra rẹ̀, alágbàfọ̀ ń pariwo pé, "Mà, ẹ rọra, mà!" Ó fa àkísà yọ nínú ihò. Ooru inú yàrá wọ́ jáde, atẹ́gùn òwúrọ̀ wọlé, iná sítóòfù sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó síwájú sẹ́yìn.

"Ẹ wò ó, mà," alágbàfọ̀ ní. "Yóò kú."

"Kí ó kú. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ọ wà fún ẹni tó ń se ọbẹ̀ tó sì ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Kò yẹ fún ìwọ. Èmi ni mi ò béèrè iṣẹ́ rẹ kí n tó kọ́ ọ."

Alágbàfọ̀ na ọwọ́ sí i kó lè sọ̀kalẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà," lẹ́yìn náà ó rí i pé èsì yẹn kò bá ọ̀rọ̀ mu, ó bá rẹ́rìn-ín. Ìgbà yìí ni ẹ̀rín ìyá onílé náà rí ọ̀nà jáde.

Bíríkìlà dé kí oòrùn tó kanrí. Ó rò pé wọ́n pè é láti bá wọn kó ẹrù obìnrin náà jáde. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi búlọ́ọ̀kù hàn án. Ó fẹ́ kí ó mọ ògiri kúkúrú yí ibì kan ká lábẹ́ páànù ẹ̀yìnkùlé, kí iwájú ṣí sílẹ̀, kí ìkòkò ńlá lè jókòó sí àárín. Níbẹ̀, atẹ́gùn kò ní rí iná jí, ooru yóò sì rí ojú ọ̀run gbà lọ. Tábìlì áyọ́ọ̀nù yóò kúrò lára ògiri tútù, yóò lọ sí abẹ́ fèrèsé. Kò sí aṣọ tó gbọ́dọ̀ sùn nílẹ̀ mọ́. Bíríkìlà yóò kan pátákó gbọọrọ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń yá oòrùn.

"Kí ni kí n ṣe sí ògiri tó bu?" bíríkìlà béèrè.

"Ha á, fọ̀ ọ́, kí o sì fi í sílẹ̀ kó mí. Má kùn ún títí màá fi sọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ mọ̀ pé mo sọ lọ́jọ́ náà pé omi obìnrin yìí ni?"

"O sọ bẹ́ẹ̀. O tún ní kí n lé e. Po sìmẹ́ǹtì."

Kí iṣẹ́ tó parí, ìyá onílé pe gbogbo ayálégbé sí ẹ̀yìnkùlé. Ó dúró ṣánṣán níwájú wọn láìmú igi kankan dání.

"Mo kọ́ alágbàfọ̀ ní ohun tí kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Ó gbọ́ sí mi lẹ́nu, ó fẹ́ẹ̀ fi pa iṣẹ́ rẹ̀ run. Ẹ̀bi mi ni. Láti òní lọ, ẹni tó bá ń sè tí ooru ń pọ̀, kí ó ṣí fèrèsé, kí ó wá nǹkan fi ṣíji bo iná. Ihò òkè kò gbọ́dọ̀ dí láé. Ẹni tí ẹ̀kọ́ mi kò bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, kí ó wá sọ fún mi. Ó parí."

Ibẹ̀ ni Jẹ́-n-sinmi ti gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé.

"Tíṣà, ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé ó túmọ̀ sí pé láti ọjọ́ yìí, èmi tí fèrèsé mi kì í dé ni mo gba ipò kìíní?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹni tí kò kọ ìdánwò kì í gba ipò," ìyá onílé dá a lóhùn. "Òjò tó ń gba fèrèsé rẹ wọlé ti jẹ igi ilẹ̀kùn rẹ ní ìsàlẹ̀. Lọ́la, màá wá sí yàrá rẹ."

"Mama, ẹ jẹ́ n..."

"Máa parí ẹ̀."

Kò parí ẹ̀. Alágbàfọ̀ ló bá a parí ẹ̀: "Ẹ jẹ́ n kẹ́kọ̀ọ́!" Ẹ̀rín tún sọ.

Láàárín ọjọ́ tó kù, ìró iṣẹ́ yí padà nínú ilé. Ìkòkò ń hó níta. Áyọ́ọ̀nù ń dún lábẹ́ fèrèsé tó ṣí, atẹ́gùn sì ń gbé òórùn ọṣẹ kiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Alágbàfọ̀ tún gbogbo aṣọ òtẹ́ẹ̀lì sè, ó sá a, ó dúró tì í, ó lọ̀ ọ́, ó tò ó sórí pátákó. Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó gbé imú sí ti òkè, ó gbé imú sí ti àárín. Kò dá imú ara rẹ̀ lójú mọ́. Ó gbé ọ̀kan lọ fún ìyá onílé.

"Ẹ bá mi gbóòórùn ẹ̀, mà."

Ìyá onílé gbóòórùn rẹ̀. "Aṣọ ni."

"Kò rùn?"

"Mo ní aṣọ ni. Lọ sùn."

Ní ọjọ́ Ẹtì, alágbàfọ̀ ru ẹrù náà fúnra rẹ̀ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Obìnrin tó ń mójú tó yàrá kò kí i tán kó tó fa aṣọ kan yọ, kì í ṣe ti òkè, ti ìsàlẹ̀ pátápátá ni. Ó tú u. Ó ki imú bọ̀ ọ́ bí ẹni fẹ́ sùn nínú rẹ̀. Alágbàfọ̀ dúró, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì ṣàlàyé. Ó mọ ohun tó wà nínú aṣọ náà, nítorí ó mọ gbogbo ọ̀nà tó gbà.

Obìnrin náà gbé imú kúrò. Ó pa aṣọ náà pọ̀ jẹ́jẹ́, ní ìlà tí áyọ́ọ̀nù ti fà fún un. Ó nawọ́ sí ìdí ilẹ̀kùn, níbi tí òkìtì aṣọ dídọ̀tí ga dé àyà.

"Tọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn," ó ní. "Aṣọ ìnura wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ̀ ló ń fọ ìyẹn tẹ́lẹ̀."

"Màá wá kó ìyókù lẹ́ẹ̀kejì," alágbàfọ̀ ní.

Òjò ṣì ń rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ńlá ń da, ìyá onílé ń kọjá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí i pé ọ̀kan nínú fèrèsé alágbàfọ̀ ṣí gbayawu, èkejì sì dé. Ọwọ́ rẹ̀ ti nà láti ti èyí tó ṣí. Ó fa ọwọ́ padà. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Kí ló dé tí fèrèsé yìí fi ṣí nínú òjò?"

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù dìde. Ó gbé àpótí ìjókòó wá sí àárín yàrá, ó nu orí rẹ̀. "Ẹ jókòó, mà. Màá fi hàn yín." Ó mú igi tó fi ń ro aṣọ, ó na án sí fèrèsé tó dé, ó na án sí èyí tó ṣí, ó na án sí ihò òkè. Ó ní òjò ìhà kan kì í jẹ́ òjò ìhà kejì, ó sì yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ wo ibi tí aṣọ fèrèsé ń fò sí kó tó mọ èyí tó máa tì. Ojú rẹ̀ le bí ojú tíṣà. "Ẹ̀ẹ̀kan ni màá sọ ọ́ o, mà."

Ìyá onílé tún ara rẹ̀ ṣe lórí àpótí, ó sì fi ọwọ́ lé orúnkún.

"Tún un sọ," ó ní.